Ohun tí Olúfúnkẹ́ Rí Lábẹ́ Máńgòrò

Èmi, Moses Bọ́láwálé Fálúyì, ọmọ bíbí Ìjerò-Èkìtì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìntì, ni mo ń sọ ìfẹ́ inú mi nínú ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ṣì ń ríran débi pé mo rí àṣìṣe mẹ́ta nínú èyí tí lọ́yà kọ́kọ́ tẹ̀ wá, mo sì fi bírò pupa fa ìlà sí wọn nídìí. Ọkàn mi nìkan ni dókítà ní ó ti rẹ̀. Ó ní kí n má gun òkè mọ́. Ní Èkìtì! Ìhágún yòówù tí mo bá ti ṣe ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

Àwọn tí yóò mú un ṣẹ ni Olúwọlé Adéṣuyì, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń ta kòkó báyìí, àti Lọ́yà Tèmítọ́pẹ́ Ọ̀ṣọ́. Olúwọlé, mo mọ̀ pé o kì í ka ìwé délẹ̀. Jọ̀wọ́, ka èyí délẹ̀.

1. Ìsìnkú mi. Kí wọ́n sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mary, ìyàwó mi. Kí ìjọ Áńgílíkà wa gba àdúrà ráńpẹ́, kí oníkálukú sì máa lọ sílé rẹ̀. Ẹ má pa màlúù. Ẹni tí kò wá kí mi láàyè, kí ló fẹ́ wá jẹ lórí òkú mi?

2. Ilé mi. Ilé oníyàrá mẹ́rin tó wà lọ́nà Ìkòrò, Rótìmí, ọmọ àbúrò mi tó ti dolóògbé, ni mo fún. Òun ló tún òrùlé rẹ̀ ṣe lọ́dún tí ìjì ká a lọ, oore kì í sì í gbé. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gé igi máńgòrò iwájú ilé ṣáájú ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, ọdún 2027.

Rótìmí, mo rí ọ láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ tí o mú téèpù wá wọn ibẹ̀. O rò pé mo ń sùn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lo fẹ́ kọ́ síbẹ̀, o sì ti bá ẹni tó fẹ́ ta fóònù sọ̀rọ̀. N kò bínú sí ọ. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, gé e, là á ní pákó, fi dáná, kò kàn mí mọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gé e ṣáájú, ilé náà di ti ìjọ. Ìdí rẹ̀ wà ní abala keje.

3. Oko kòkó mi ní ìlú Ara. Gbénga, alágbàro tó ti ń bá mi ro ó láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ló ni í. Oko náà mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí.

4. Ẹran ọ̀sìn mi. Abo ewúrẹ́ méjì àti òbúkọ kan, Ràṣídátù ni mo fún, aládùúgbò mi, ìyàwó mẹkáníìkì tí wọ́n jọ wá láti Ìkirun. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láràárọ̀. Kì í wọlé. Yóò kan ilẹ̀kùn, yóò gbé e sílẹ̀, yóò ní, "Bàbá, ṣé ẹ jí ire?" Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí n tó dáhùn, torí tí mo bá ti dáhùn, yóò lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò bá mi sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ràṣídátù, òbúkọ yẹn kì í gbọ́ràn. Má bá a jìyà, tà á.

5. Ìwé àti ohun èlò iṣẹ́ mi. Gbogbo ìwé mi, àti dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kí wọ́n kó o fún Tolúlọpẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tó gba kíláàsì mi nígbà tí mo fẹ̀yìntì. Àwọn eku ti kà lára ìwé náà, kó má bínú. Pàṣán tó rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, kí Olúwọlé fúnra rẹ̀ dá a sí méjì, kó fi dáná. Wọ́n ti mọ ara wọn tipẹ́.

Tolúlọpẹ́, ìmọ̀ràn kan péré. Bí ọmọ bá rí nǹkan tó ní "Háà!", má tíì sọ orúkọ nǹkan náà fún un. Jẹ́ kó ṣe háà rẹ̀ tán. Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán. Bí ọmọ bá ti lanu báyìí, mo ti fún un ní orúkọ nǹkan náà, bí ẹni dé ìkòkò, ó sì parí síbẹ̀. Wọ́n yege nínú ìdánwò o. Ṣùgbọ́n n kò rántí ẹnì kan nínú wọn tó padà wá fi nǹkan kan hàn mí.

6. Ohun tí Mary fi sílẹ̀. Àpótí aṣọ rẹ̀ jẹ́ ti Ìrètíolúwa, ọmọ-ọmọ wa, ẹni ọdún mẹ́fà. Kí Olúfúnkẹ́, ìyá rẹ̀, bá a tọ́jú rẹ̀.

Ìwé mẹ́rin ni Mary kà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ló máa ń pè mí, nínú ilé, lójú àlejò, àní lórí àìsàn tó fi kú. Bó bá ní "ulé", màá ní "ilé". Ogún ọdún ó lé ni mo fi ń tún un ṣe lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Ìjerò ni èmi náà, ta ni mo ń tàn? Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, yóò sáré wọlé pé, "Tíṣà, olú ti yọ lẹ́yìn ulé, ẹ wá wò ó!" Màá ní mo mọ olú. Yóò padà lọ wò ó lóun nìkan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, mi ò sì fi ẹnu mi sọ ọ́ rí. Ọdún kejìlá rèé tó ti lọ. Olú ṣì ń yọ lẹ́yìn ilé. Mo máa ń lọ wò ó báyìí.

7. Olúfúnkẹ́, ọmọ mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni èmi àti Mary fi wá a kí Ọlọ́run tó fi í ta wá lọ́rẹ, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá kù tí n kò dárúkọ, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 2006. Rédíò ti ń kéde pé òṣùpá yóò bo oòrùn lójú, kí ẹnikẹ́ni má wo oòrùn lójúkojú. Àwọn àgbà àdúgbò ní oòrùn àti òṣùpá fẹ́ jà. Mo ní ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan nìyẹn. Mo kó kíláàsì mi jọ, mo ti gbogbo fèrèsé, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya oòrùn, òṣùpá àti ayé sójú pátákó, mo sì ń kọ́ wọn ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde gan-an ní ìṣẹ́jú yẹn. Nígbà tí inú kíláàsì ṣókùnkùn tí wọn kò rí pátákó mọ́, mo ní kí wọ́n sún mọ́ ọn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Olúfúnkẹ́, ó wà nínú kíláàsì náà. Ó tọrọ àyè láti lọ tọ̀. Kò padà. Ilé wa kò jìnnà sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ni mo bá tọ̀ ọ́ lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ ni mo bá lábẹ́ máńgòrò, tí àwọn méjèèjì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbe òjò, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí mi, ó fò sókè: "Bàbá, ẹ wo ilẹ̀! Ẹ wo ara yín!"

N kò wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò sí bàtà ni mo wò. Mo fà á létí padà sí kíláàsì, mo nà án ní pàṣán mẹ́fà níṣojú gbogbo wọn, mo sì ní kó sọ ohun tó ń jẹ́ kí òṣùpá bo oòrùn. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú omijé, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, kò bi mí léèrè ìdí nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Mary sọ fún mi pé oòrùn kéékèèké ló kún ilẹ̀ abẹ́ igi náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Wọ́n wà lára aṣọ ọmọ, wọ́n wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n wà ní ìpàkọ́ mi bí mo ṣe ń fa ọmọ lọ. Mo ṣàlàyé fún un pé àlàfo àárín ewé ló ń gbé àwòrán oòrùn wá sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà." Òótọ́ ni mo sọ o. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa rẹ̀. N kò rí i rí. Mo kàn rìn lórí rẹ̀ ni.

Olúfúnkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n báyìí. Láti ibí gba Aramọkọ dé ọ̀hún kì í ṣe ìrìn tí ènìyàn ń di ẹrù fún. Ó máa ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi: ṣé mo ti jẹun, ṣé mo ti lo oògùn? Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí. Ọmọ dáadáa ni, kò jẹ mí ní gbèsè kankan.

Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, Ìrètíolúwa lóṣòó ti òkìtì ọ̀gán ẹ̀yìn ilé, ó bi mí pé kí ló dé tí òjò kò fi wó o. Inú mi dùn débi pé mo ti ń dìde lórí àga. Ni ìyá rẹ̀ bá fà á lọ́wọ́: "Má yọ Bàbá lẹ́nu." Mo padà jókòó. Kò fi rí mi fín. Ohun tí mo kọ́ ọ ló fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì dùn mí wọ egungun.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 2027, láàárọ̀, òṣùpá yóò tún kọjá níwájú oòrùn. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kò ní ju bí ìgbà tí ọmọdé bu àkàrà jẹ létí lọ. Dókítà kò kà mí mọ́ àwọn tí yóò rí i. Olúfúnkẹ́, mú ọmọ rẹ wá sábẹ́ igi yìí. Ẹ má wo oòrùn, ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó bá bi ọ́ léèrè, má kánjú dá a lóhùn.

Lọ́yà ní ìhágún kì í lanu títí ẹni tó ṣe é yóò fi kú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo yọ abala keje yìí sọ́tọ̀. Kí Olúwọlé dà á kọ, kó sì gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì yìí, nígbà tí mo ṣì ń mí. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lórí fóònù, kì í kọjá "Fúnkẹ́" lẹ́nu mi, yóò sì ní ṣé oògùn ti tán ni.

Ọmọ mi, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n sórí. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí o rí. Ó yẹ kí n ti bi ọ́ lábẹ́ igi náà ní ogún ọdún sẹ́yìn. Mo wà nílé lójoojúmọ́. N kò ní ṣàlàyé nǹkan kan, n kò ní tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe lẹ́nu rẹ.

Fúnkẹ́, kí lo rí?

Mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i ní Ìjerò-Èkìtì, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 2026.

M. B. Fálúyì

Àwọn tó jókòó tì mí tí wọ́n rí i bí mo ṣe kọ ọ́, tí wọn kò sì jogún nǹkan kan nínú rẹ̀:

Ayọ̀olúwa Ògúnlẹ́yẹ, aránṣọ, ọ̀nà Ìkòrò, Ìjerò-Èkìtì

Ọlámijí Bámisilẹ̀, akọ̀wé ìjọ, Ìjerò-Èkìtì