Ìlà Ẹ̀yìn Ọrùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà
Ìka méjì tún kú lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí ọrùn oníbàárà. Onígbàjámọ̀ tọ́wọ́ rẹ̀ bá kú, kí ni yóò máa jẹ? Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni — mo bá gbé dígí kékeré sẹ́yìn ara mi. Kókó kan wà nísàlẹ̀ ọrùn, awọ ká lé ara wọn lórí rẹ̀, òógùn wà láàrin. Ó kó mi nírìíra. Mo sọ ọ́ ní Àlejò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Obìnrin tó ń tọ́jú eegun nílé ìwòsàn ní fóònù ni. Èyí tí mo gbé ti igun dígí lápá òsì, tí mo fi ń wo bọ́ọ̀lù bí mo ṣe ń gẹ irun. Ó ní orí mi ti tẹ̀ síwájú, ó sì ti yẹ̀ sósì. Kí n fẹ̀yìn ti ògiri, kí n fa àgbọ̀n sẹ́yìn láì gbójú sókè, kí n ka márùn-ún. Ìgbà mẹ́wàá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka kẹta ń bọ̀ wá kú.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo kọjú sí dígí àti fọ́tò àwọn orí tí mo ti gẹ̀, tí mo yà látẹ̀yìn. Bí mo ṣe fa àgbọ̀n, àgbọ̀n kejì yọ lábẹ́ rẹ̀, nínú gbogbo dígí. Pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ dákun, ẹ má ṣe é níwájú àwọn ọmọ."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Bàbá Tíṣà, oníbàárà mi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ní ìlà tí mo fà sẹ́yìn ọrùn àwọn wọ́. Mo ní fóònù tí wọ́n ń tẹ̀ lórí àga mi ni: ẹni tó bá doríkodò, ìlà rẹ̀ á wọ́ bó bá gbórí sókè. Wọ́n wò mí, wọ́n lọ. Ẹni kẹrin lóṣù yìí. Ṣọ́ọ̀bù òdìkejì ló ń já wọn gbà. Ọrùn aráyé ti sú mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Mo fi fóònù ka márùn-ún. Mo bá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Wákàtí kan. Àlejò ló jèrè. Mo kórìíra ara mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mo ti fóònù mọ́ àpótí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Ìka kékeré jí! Mo fi abẹ́rẹ́ gún un, ó dùn mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Ìka méjèèjì ti jí. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, orí mi tọ́, mo wo àwọn fọ́tò. Méjìlá. Gbogbo ìlà ẹ̀yìn ọrùn ibẹ̀ ló dà sósì. Gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún kan wà níbẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ — fóònù wo lòun ń tẹ̀? Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́.

Mo lọ tọrọ àforíjì nílé Bàbá Tíṣà. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ìgbà wo lo rí fóònù lọ́wọ́ mi rí?"

Wọ́n yíjú, wọ́n ń wọlé lọ. Wọ́n ti gẹ irun. Ìlà ẹ̀yìn ọrùn wọn tọ́ gbọnrangandan.