Obìnrin Tí Kò Ní Kí N Dákẹ́

Ìyá mi àtàtà, ara mi ti le, mo tún ti ń jẹun, ẹ má fòyà.

Mo rí obìnrin kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn. Yàrá tí a ti ń lọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ni mo ti pè é. Mo ṣàlàyé bí Bọ̀dá mi ṣe sin Bàbá wa láì sọ fún mi. Mo rò pé á ní kí n dárí jì wọ́n kíá. Ó kàn ní, "Kí lẹ̀ bá sọ fún Bàbá yín, ká ní ẹ wà níbẹ̀?"

Ni mo bá bú sẹ́kún. Kò kánjú, kò ní kí n dákẹ́. Ìyá mi, obìnrin yẹn ní sùúrù, ó gbọ́n!

Ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá. Ẹ ní kí wọ́n pè mí, kí wọ́n sọ bí ìsìnkú náà ṣe lọ fún mi.