Ọwọ́ Mi Ló Pa Àwọn Kòkòrò Rẹ

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí Màmá. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá yín nínú ara líle, kí orúnkún Màmá sì ti fúyẹ́ débi tí wọ́n á lè gun àtẹ̀gùn. Ara tèmi náà le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á.

Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí o pariwo nínú yàrá àyẹ̀wò wa pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó! Wọn ò kú o!" Mo fojú sí ẹ̀rọ awò. Lóòótọ́, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé kòkòrò àrùn mì kó sì pa á, ti gbé kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun mì, àmọ́ kòkòrò náà ń jẹ, ó ń bí sí i nínú ibẹ̀, bí olè tó lọ háyà yàrá ní àgọ́ ọlọ́pàá. O ní ìdí nìyẹn tí ibà àwọn aláìsàn kan fi ń padà. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá ọ mọ́ra, wọ́n pè ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ire. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Wọn ò gbá mi mọ́ra rí.

Mo jowú rẹ, mi ò ní fi bò. Èmi ni mo mú ọ wọ ibẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fa oògùn láìjẹ́ kọ́wọ́ gbọ̀n, kò sì tó oṣù mẹ́jọ táwọn èèyàn fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n Ọlọ́wọ́-Ire, bí ẹni pé mi ò lórúkọ. Aṣọ iṣẹ́ rẹ tó funfun ju tèmi lọ gan-an ń bí mi nínú, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kan náà là ń lò.

Nígbà tí ọ̀gá ní kí ẹlòmíràn tún àyẹ̀wò náà ṣe, èmi ni wọ́n yàn. O mọ bó ṣe máa ń rí: sẹ́ẹ̀lì á gbé kòkòrò mì, a ó da oògùn sí i kó pa àwọn tó kù níta, a ó ṣàn án nù, a ó tú sẹ́ẹ̀lì ká, a ó wá wo bóyá kòkòrò inú rẹ̀ á hù nínú àwo. Tí oògùn yẹn bá mọ níwọ̀n, kì í wọnú sẹ́ẹ̀lì. Ìlọ́po mẹ́wàá ni mo fi sí i, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó wọlé, ó pa gbogbo wọn. Àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ tónítóní.

Ọ̀gá ní oògùn tìrẹ ni kò tó, pé àwọn kòkòrò ìta lo kà, kí o lọ sinmi nílé ná. O wò mí pé kí n gbèjà rẹ. Mo ń nu tábìlì.

Ọjọ́ méjì péré ni inú mi fi dùn. Ní Mọ́ńdè, wọ́n gbé ìyàwó awakọ̀ kan padà wá sí ilé ìwòsàn wa, ẹni tí a ti ní ibà rẹ̀ ti lọ. Oògùn àtijọ́, tí kì í wọnú sẹ́ẹ̀lì, ni dókítà tún fẹ́ fún un, torí àyẹ̀wò mi ní kò sí nǹkan kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Ojú obìnrin náà ti wọnú. Mo padà sídìí iṣẹ́, mo wọn oògùn bó ṣe yẹ. Àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló hù.

Mo kó wọn fún ọ̀gá. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló wọn ti àkọ́kọ́?" Mo ní, "Èmi ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni." Wọ́n na ọwọ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ mi sí i. Dókítà ti yí oògùn obìnrin náà padà sí èyí tó ń wọnú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ti jẹun lánàá. Ọ̀gá ní kí o wọlé ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kí o jókòó sí àyè mi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Kò ní jẹ́ kí o tún pàdé irú mi nídìí iṣẹ́ mọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ̀ ọ́.

Àfikún: Nígbà tí mo rí i pé àwo hù, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, "Àbúrò mi tún borí mi." Mi ò rántí obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá wá kan ilẹ̀kùn yín, má tíì ṣí i.