Mo ń ṣe àmín sí èpè ara mi nítorí èédú

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Èmi gan-an ni wọ́n ń ṣépè fún nílé wa láràárọ̀, èmi náà ni mo sì ń ṣe àmín... ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti lọ́kọ, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni mí. Ilé kan náà la jọ ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ mi. Èédú ni Màmá ń tà ní Ọjà Igbó, àwọn gan-an ni olórí àwọn tó ń tà á, èédú yìí náà ni wọ́n fi rán ọkọ mi níléèwé. Níbi iṣẹ́, àwọn ọ̀gá wá fi mí sí kọmití tí yóò yan ohun tí ìpínlẹ̀ wa máa ṣe láti dín èéfín àti gáàsì tó ń mú ayé gbóná kù. Ṣé ká fi sólà rọ́pò jẹnẹrétọ̀ láwọn ọ́fíìsì ìjọba ni, àbí ká fòpin sí gígé igi fún èédú, àbí ká kàn máa gbin igi? Ẹ̀yin náà mọ èyí táwọn ọ̀gá fẹ́ràn... gbin igi! Wọ́n á dé fìlà tuntun, wọ́n á ya fọ́tò, ewúrẹ́ á sì ti jẹ igi yẹn tán kí wọ́n tó délé. Mo ní rárá. Mo ní báwo la ṣe máa fi ọwọ́ kan gbin igi, ká wá fi ọwọ́ kejì gé igi àyìn tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá wa, ká sun ún di èédú? Ọ̀rọ̀ di ìbò, ó pín sí méjì dọ́gbadọ́gba, ó ku èmi nìkan. Mo rántí Màmá, mo sì nawọ́ sókè náà pé ká fòpin sí gígé igi fún èédú. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni! Mo tún jà títí wọ́n fi gbà pé àwọn tó ń ta èédú ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù gáàsì ìdáná àti sítóòfù fún, kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọjà. Ohun tó dé Ọjà Igbó ni pé ìjọba ti fòfin de èédú, pé ọwọ́ ẹnì kan ló bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù gáàsì. Baptist ni wá, àdúrà òwúrọ̀ kì í yẹ̀ nílé wa. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń gbàdúrà pé ọwọ́ tó nà sókè yẹn, kó má lè bu òkèlè mọ́... ọkọ mi á ṣe àmín tó rinlẹ̀, èmi náà á ṣe é, kí wọ́n má baà wojú mi. Ọwọ́ yẹn kan náà ni mo fi ń ro ẹ̀kọ tí wọ́n ń mu lẹ́yìn àdúrà o!

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé Màmá yìí kan náà ni ooru ò jẹ́ kí wọ́n sùn ní yàrá mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Àwọn náà ló ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí òjò ò rọ̀ lásìkò mọ́, tí káṣú oko ń gbẹ mọ́ igi. Ikọ́ tí eruku èédú dá sí wọn láyà ńkọ́? Ta ni ọ̀tá wọn, èmi àbí àpò èédú?

Lánàá ni Màmá wá ní àdúrà mi máa ń gbà, pé èmi ni kí n darí àdúrà yẹn lọ́jọ́ Sunday, táwọn obìnrin tó ń ta èédú bá péjọ sílé wa. Ọkọ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Òun náà ò mọ nǹkan kan, mi ò sọ̀rọ̀ kọmití yẹn nílé rí.

Mi ò ní tọrọ ìdáríjì o, kí ẹnikẹ́ni má gbà mí nírú ìmọ̀ràn yẹn. Tí wọ́n bá tún ìbò yẹn dì lọ́la, ọwọ́ méjèèjì ni màá nà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìyá yìí... nígbà tí mo bímọ, àwọn ló ń fi èédú gbé omi kaná tí wọ́n fi ń wẹ̀ mí. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi ni? Ṣé kí n bá Màmá nìkan sọ ọ́ káwọn yòókù tó dé? Àbí kí n dúró níwájú gbogbo wọn, kí n na ọwọ́ yìí sókè bí mo ṣe nà án lọ́jọ́ yẹn, kí n ní èmi rèé, ẹ máa gbàdúrà yín? Ẹ tètè dá mi lóhùn kí Sunday tó pé... torí mi ò ní ṣe àmín mọ́.