Àgbàlagbà Tí Ìwé Ìròyìn Ò Dárúkọ

                                                  Ọgbà Igi Rautakoski,
                                                  Pakila,
                                                  Helsinki.
                                                  Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ, 1952.

Nestori, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ọ gan-an ni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Saima ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn màlúù ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ò jẹ́ kí ẹ rí koríko yín sá dáadáa lọ́dún yìí, mo sì lérò pé kò ní ba ọkà ráì tó wà lóko jẹ́. Àwa náà wà níbí. Lempi ìyàwó mi ní kí n kí ẹ̀yin méjèèjì, ó ní kí Saima má tíì máa kúnlẹ̀ fọ ilẹ̀ o. Ní tèmi, ara mi le. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo ṣì ń dá gbé ìtì igi tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ tí mo gbà síṣẹ́ máa ń para pọ̀ gbé ni.

Ìwọ náà mọ̀ mí. Iléèwé tó ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn nígbà náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo rí lò níbẹ̀ kí bàbá mi tó ní kí n wá di àáké mú. Ìdí nìyẹn tí ìwé mi fi máa ń rí wúruwùru, má wò ó. Ṣùgbọ́n ta ló ni ọgbà igi tó tóbi jù ní Pakila? Èmi ni. Ta ló ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì, tó tún ní tẹlifóònù tirẹ̀ ní ọ́fíìsì? Èmi náà ni. Ẹnì kankan ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún mi. Àáké kan àti bàtà tó ti lu ni mo fi wọ ìlú yìí. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ yìí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ènìyàn. N kò kọ́ ọ rí. Láti ọ̀sán ni mo ti ń kọ ọ́ tí mo ń fà á ya.

Ọ̀rọ̀ Ahti ọmọ rẹ ni mo fẹ́ sọ.

Lẹ́tà rẹ dé bá a lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná wa nígbà tó já a. Ó kà á, ó tì í sábẹ́ àwo, ó tún bu búrẹ́dì sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́, ó kàn fi í sẹ́nu bẹ́ẹ̀ ni. Lempi bi í pé kí ni wọ́n wí nílé. Ó ní, “Bàbá ní kí n má wá fún ìkórè ráì. Wọ́n ní ẹni tí ò lè wo iwájú rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, kí ló fẹ́ fi dòjé ṣe. Wọ́n ní ojú ń tì wọ́n láti gbé mílíìkì lọ síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń pàdé.” Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹja. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti rí iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Súídìn, pé ọkọ̀ òun máa gbéra lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, àti pé òun ò ro pé òun máa padà.

Nestori, mo mọ ohun tó mú ọ kọ ìwé yẹn. O ka ìwé ìròyìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí Ahti ṣubú nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Òlíńpíìkì, àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sọ pé ẹ̀yìn lọmọ náà ń wò, pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò gbájú mọ́ nǹkan. Wọn ò dárúkọ àgbàlagbà náà.

Èmi ni àgbàlagbà náà.

Jọ̀ọ́, má tíì gbé ìwé náà sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Láti ìgbà tí Ahti ti dé sílé mi ni ẹnu mi ò ti dákẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wá ra igi lọ́dọ̀ mi ló gbọ́ pé èmi ni mo ń bọ́ ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ fún Finland. Hulda tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, tó máa ń ta ẹyin, bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Taavetti, ṣé ìwọ lo máa gun kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ni, àbí ọmọ náà? Mo fẹ́ mọ ẹni tí n ó pàtẹ́wọ́ fún.” Mo ní kó máa wò ó, ọmọ mi máa kọjá níwájú ilé rẹ̀ bí ìjì. Ọmọ mi ni mo pè é. Mi ò ní “ọmọ Nestori”.

Lálẹ́ tí ìdíje ku ọ̀la, Ahti wá bá mi. Ó ní, “Bàbá Taavetti, ẹ jọ̀ọ́, lọ́la ẹ má fún mi ní nǹkan kan lójú ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń fún wa lómi wà. Ẹni tó bá lọ gbà á níbòmíràn, wọ́n lè lé e kúrò.” Mo ní mo ti gbọ́. Lóòótọ́ ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n mò ń rò ó nínú mi pé kí lọmọ yìí mọ̀.

Ìwọ náà wò ó. Tí a bá ti jókòó nínú ooru sáúnà títí ara wa fi pọ́n bí bíríkì, ṣé kì í ṣe inú adágún la máa ń bẹ́ sí, kódà nígbà tí yìnyín bá bò ó? Ṣé ó pa wá rí? Ṣebí ńṣe la máa ń jáde bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo wá rò ó pé ẹni tó ti ń wa kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀, ara rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà nínú sáúnà. Omi tútù ló kù kó bá ara rẹ̀. Ahti sì ní kí n má fún òun ní nǹkan kan, kò ní kí n má da nǹkan sí òun lára. Bí mo ṣe ń fi ọgbọ́n orí mi tan ara mi jẹ nìyẹn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni, a ti ń dáná sáúnà lọ́wọ́, korobá wà níta. Mo pọn omi láti inú kànga, mo wa yìnyín lábẹ́ èérún igi níbi tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí, mo dà á sí i títí korobá fi ń ta mí lọ́wọ́.

Mo lọ dúró sórí òkè, níbi tí ọgbà mi parí sí, níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti máa ń gòkè tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Mo dé fìlà tuntun. Kustaa, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi, ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń sọ pé, “Ọ̀gá, omi yẹn ti tutù jù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn máa bá tirẹ̀ lọ.” Mo ní, “Kustaa, lọ́jọ́ tí ìwọ bá ní ọgbà igi tìrẹ, wàá máa kọ́ mi.”

Àwọn ará Bẹ́líjíọ̀mù ti kọjá lọ níwájú. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀wọ́ kan dé, mo sì rí Ahti láàárín wọn. Ó ń ṣe dáadáa, Nestori. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹni tó rí i. Ó tẹrí ba, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí láìsinmi, kò rẹ̀ ẹ́ tó àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iwájú ló ń wò. Èmi ni mo sáré bọ́ sójú ọ̀nà. Mo fi gbogbo agbára da omi náà sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti kú nítorí yìnyín, korobá bọ́, ó bá omi lọ, ó yí sábẹ́ táyà iwájú rẹ̀.

Mi ò lè ṣàpèjúwe ariwo irin yẹn. Èjìká rẹ̀ ló fi balẹ̀. Àwọn tó kù yà fún un, Ọlọ́run ò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣubú.

Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Ó yẹ kí n sáré lọ gbé e. Korobá ni mo kọ́kọ́ sáré lọ gbé. Mo sọ ọ́ kọjá lórí ọgbà kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ tí mo fi gbé korobá yẹn ni mò ń wò.

Òṣìṣẹ́ ìdíje kan tó so aṣọ mọ́ apá sáré dé, ọlọ́pàá tẹ̀ lé e, ó ń bi gbogbo ènìyàn pé ta ló ju nǹkan. Ahti ti jókòó sínú koríko, ó di èjìká rẹ̀ mú, omi ń kán lórí rẹ̀. Ó wò mí. Ó wá ní, “Kò sẹ́ni tó ju nǹkan kan. Mo wẹ̀yìn ni. Ẹ̀bi mi ni.”

Ọkùnrin náà ní, “Omi tó wà lórí rẹ yìí ńkọ́?”

Ó ní, “Òógùn ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà ẹ gun òkè yìí wò.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ. Irin tó di táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kán, ìdíje ti parí fún un.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ, bóyá mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn oníwèé ìròyìn sún mọ́ mi pẹ̀lú pẹ́ńsù rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà nítòsí jù. Kí lẹ rí?” Hulda dúró ní òdìkejì ọ̀nà, ó ń wò mí. Gbogbo àwọn oníbàárà mi ń wò mí. Mo ní ẹ̀yìn lọmọ náà ń wò, mo ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò gbájú mọ́ nǹkan. Mo tilẹ̀ tún mi orí. Ahti ń gbọ́ mi níbi tó jókòó sí. Ọkùnrin náà wá bi mí ní orúkọ mi. Èmi tí mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sára ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, mo ní orúkọ ò ṣe pàtàkì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jọ wọ sáúnà, nítorí pé ó ti gbóná, mi ò sì mọ ohun míràn tí mo lè ṣe. Ahti ò lè gbé apá sókè, Kustaa ló bá a fọ ẹ̀yìn. Mo la ẹnu kí n sọ̀rọ̀, ohun tí mo rí sọ ni pé ooru náà dára. Nígbà tí a jáde, Kustaa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ọ̀gá, bí ẹ sọ ọ́, bí ẹ ò sọ ọ́, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ọmọ yín mọ́ níwájú mi.” Iṣẹ́ mi lọ́kùnrin yìí ń ṣe, owó mi ló ń jẹ. Síbẹ̀, òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé ni mo tó bi Ahti pé kí ló dé tó fi bò mí láṣìírí. Ó ní ọlọ́pàá ti dé nítòsí, pé ṣé kí òun wá fa ẹni tó ń fún òun lóúnjẹ lé wọn lọ́wọ́ nítorí omi. Mo ní ó dára, n ó kọ̀wé sí ọ. Ó ní, “Ẹ má kọ ọ́. Bàbá mi ò bi mí bó ṣe jẹ́ kí wọ́n tó kọ lẹ́tà wọn.” Èyí ló ń dùn ún, ọ̀rẹ́ mi, ju èjìká rẹ̀ lọ. Mi ò sọ ọ́ láti dá ọ lẹ́bi. Èmi ni mo fi irọ́ sí ọ lọ́wọ́, ìwọ kàn gbà á gbọ́ ni.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò. Hulda ní, “Mo ti mọ̀ tipẹ́. Korobá rẹ wà láàárín kábéèjì rẹ láti ọjọ́ náà, kò sì sí kábéèjì kankan tó ń hu irin. Mo kàn ń wo ọjọ́ tí ìwọ náà máa mọ̀ ni.” Láàárọ̀ yìí mo lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà pé kí wọ́n tún un kọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Òlíńpíìkì ti parí, pé àwọn ènìyàn ò fẹ́ kà nípa rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kò sí ìwé míràn tó máa wẹ ọmọ rẹ mọ́ àfi èyí. Kà á sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi tí ẹ ti ń kó mílíìkì jọ. Dárúkọ mi fún wọn, orúkọ mi àti ti bàbá mi. Jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó bá wù wọ́n nípa mi.

Mo ti ra irin tuntun sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì ti san ti dókítà. Ìyẹn ò le. Èyí tó kù ò sí lọ́wọ́ mi. Bí o bá bínú sí mi títí tí a fi kú, o jàre. Ṣùgbọ́n rìn dé ṣọ́ọ̀bù tó ní tẹlifóònù lábúlé yín, kí o ní kí wọ́n pe Ọgbà Igi Rautakoski ní Pakila fún ọ, lọ́jọ́bọ̀, ní ọ̀sán. Ahti ò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí. Kí Saima gba ìkíni wa. Kí o bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ̀lú, bí wọ́n bá ṣì fẹ́ gba ìkíni lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́bọ̀, n ó ní kí Ahti wá bá mi tún fèrèsé ọ́fíìsì ṣe, n ó sì jáde lọ sídìí igi. Bí tẹlifóònù bá dún, mi ò ní wọlé. Òun nìkan ló máa wà níbẹ̀ láti gbé e.

Èmi tí mo jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀,

Taavetti Rautakoski