Iná Tí Mo Ń Retí Pé Kó Lọ

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Adélúsì,
                                        Àmùkòkò, Ajégúnlẹ̀,
                                        Èkó.
                                        22 Oṣù Kọkànlá, 1997.

Ìyá Reuben, Josephine ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o ń kúrò ní Èkó ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Bàbá Reuben ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lo oògùn wọn, àbí wọ́n ṣì ń fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí? Reuben àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Mo kí gbogbo yín. Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́, Níyìọlá ọmọ ọmọ mi sì wà dáadáa.

Tíṣà ti gbé obìnrin mìíràn sí ibi ìjókòó rẹ ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà. Kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín bí mo bá ṣi ìwé kà. Ṣùgbọ́n mo ti tẹ̀ síwájú o. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ Níyì. Wo bí ìlà rẹ̀ ṣe tọ́, kí o sì yìn mí.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá Níyì ti gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ sí Kàdúná, èmi àti ọmọ náà nìkan ló kù nínú ilé. Nígbà tó ṣe ìdánwò àṣejáde tán, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe géèmù ní Boundary ló sọ di ilé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á kí mi, á jáde. Èmi nìkan ni mo ń jẹun alẹ́. Mo ti ń bá rédíò sọ̀rọ̀, Josephine, rédíò kì í sì í dáni lóhùn.

Mo wá rò ó bí ẹni tó ní ewúrẹ́ ṣe ń rò ó: bí ẹran bá fẹ́ràn koríko ìta jù, kí n gbin koríko sílé. Mo sọ fún Níyì pé màá ra kọ̀ǹpútà géèmù fún un. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàwàdà, lẹ́yìn náà ló fò mọ́ mi lọ́rùn. Owó àjọ tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ páànù òrùlé ni. Páànù á dúró, òjò ti lọ.

Owó náà kò tó ra èyí tí wọ́n ti tò pọ̀. Tega, ọmọ Úróbò tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Boundary, ló ní ká máa rà á ní ẹyọ ẹyọ, òun á bá wa tò ó. Tòkunbọ̀ tó ń bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá ló ń tà. Èmi tí mo ta aṣọ òkìrìkà títí mo fi darúgbó, ta ló fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń yan tòkunbọ̀? Mo gbá àpótí kọ̀ǹpútà kan mú tó funfun, tó ń dán. Níyì kọ̀. Ó ní, “Màmá, inú rẹ̀ la máa lò. Ẹ jẹ́ ká fi owó yẹn sínú.” Ó lọ gbé òmíràn tí ara rẹ̀ ti bó, tí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó. Mo rántí pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, mo gbà fún un. Owó tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ló fi ra kádì tó ń mú kí àwòrán máa sáré. Ní ti mẹ́mórì, ẹyọ kan ló mú, Tega ní a lè fi kún un tó bá yá.

Ṣùgbọ́n mo takú pé kí ó tan ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú mi kí n tó sanwó. Tega rẹ́rìn-ín. “Màmá, you no trust your pikin?” Mo ní, “Ìwọ ni mo mọ̀, Tega. N kò mọ ọkọ̀ tó gbé e wá.” Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, díìsìkì àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ibi ohùn ni mo ti ṣe é tì. Ó kù ká yan sípíkà méjì tó ń dúró lórí tábìlì, tàbí ohun kan tí wọ́n ń dé sórí tó ń bo etí méjèèjì. Èmi ọlọ́gbọ́n ní ká mú ti etí, torí òun ló pọ́ọ́kú.

Ní báyìí, Níyì ń gbélé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mo ń rí. Mo ń pè é, kò gbọ́. Bí ó bá tilẹ̀ gbọ́, á ní, “Màmá, ẹ dúró ná, mo ti fẹ́ kú!” Àyà mi já lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Inú géèmù ló ti ń kú.

Ìgbà tí iná bá lọ nìkan ni mo ń rí i. Á jáde wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì ìta, á tú irun mi, á máa dì í, á sì máa bi mí bí Èkó ṣe rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi tí mo ti ń ṣépè fún àwọn tó ń mú iná lọ láti ọjọ́ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí wọ́n mú un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Tega pè mí sẹ́yìn. Ó ní bí iná ṣe ń lọ lójijì yóò ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́, pé bátìrì kan wà tó ń gbé e dúró. Níyì ti mọ̀, kò fẹ́ ni mí lára ni. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, Josephine. Mo so ó mọ́ etí aṣọ mi. Mo rò pé bí bátìrì bá dé, ìjókòó orí bẹ́ǹṣì parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan iná lọ, ó dé, kọ̀ǹpútà kò jí. Níyì kò bínú. Ó kàn jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Tega rí i tún ṣe, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo lọ ra bátìrì náà. Nígbà tí mo ń sanwó ni Tega ní, “Màmá, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí Níyì lè rọra pa á.” Mo ní kí ó tún un sọ. Ẹ̀rín tí mo rín, Tega rò pé orí mi ti yí.

Láti ìgbà náà, iná kò lọ mọ́! Gbogbo àdúgbò ń dúpẹ́. Ìyá Ebinimi tí ilé wọn kangun sí tiwa ti ń ta omi dídì. Èmi nìkan ni n kò bá wọn ṣe àmín. Bí mo ṣe ń kọ èyí, iná mọ́lẹ̀ gbòò, Níyì kọ̀yìn sí mi. Jọ̀ọ́, wá bá mi ṣe Kérésì, nítorí ilé yìí

Má bínú sí ìlà tó wọ́ níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Òwúrọ̀ ni mo ń parí rẹ̀. Bátìrì náà ké pí, pí, pí. Níyì rọra pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jáde wá, ó ní ta ni mò ń kọ̀wé sí. Ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn rẹ fún un, láti ọjọ́ tí o kọ orúkọ ara rẹ sẹ́yìn pátákó kíláàsì nítorí ìtìjú. N kò tí ì sọ ọ́ dé ìdajì tí oorun fi gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè, gílóòbù ẹnu ọ̀nà tàn sí wa. Mo yára fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lójú, kí ó má bàa jí.

Bá mi kí Bàbá Reuben, Reuben àti ìyàwó rẹ̀. Níyì ní kí n kí ọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,

Morádéún.