Fèrè Bàbá àti Báàfù Ọmọ Mi

Ilé Bàbá wa,
Ẹ̀yìn Ọjà Igbó,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, 2024.

Bọ̀ọ̀dá Ọládépò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ara yín sì le ju ti àwa tí a wà nílé lọ. Ẹ dákun, bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ló ti bá yín, ẹ ká a sápò títí ẹ ó fi délé. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Àwọn ohun èlò orin Bàbá ti tán. Fèrè alárọ, páànù Màmá Martha, kẹ́tùrù, àpótí olókùn tí ẹ̀yin àti Bàbá jọ kàn, kò sí ọ̀kankan nílẹ̀ mọ́. Olè kọ́ ló kó wọn. Ilé ò jó. Èmi ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sá fún ìpè yín, tí mo ń sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dáa. Èmi ni mi ò dáa.

Ẹ mọ̀ pé nígbà tí apá òsì Bàbá rọ lóṣù kẹjọ, Ọ̀yọ́ ni mo wà, ọmọ oṣù mẹ́ta wà lẹ́yìn mi. Hussein ọkọ mi ní kí n máa lọ, pé òun á máa wá ní òpin ọ̀sẹ̀, torí iṣẹ́ wẹ́dà òun kò ṣeé tì. Mo dé ọsibítù, mo bá Bàbá tí ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bi dókítà bóyá á tún dìde, ó ní ká fi sọ́wọ́ Ọlọ́run. Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ bí àyà mi ṣe máa ń já láti kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní ká fi sọ́wọ́ Ọlọ́run, pósí ni mo máa ń rí.

Inú yàrá Bàbá ni èmi àti Ràódàt ọmọ mi ń sùn nígbà náà. Eku ti sọ inú àpótí olókùn yẹn di ilé. Òjò kò jẹ́ ká rí igi gbígbẹ, gáàsì ti tán, òtútù àyà sì ń da ọmọ láàmú, omi gbígbóná ló gbọ́dọ̀ fi wẹ̀. Mo gbé àáké, mo la àpótí náà. Igi rẹ̀ gbẹ bí egungun. Bó ṣe ń jó, ó ń ta pa-pa-pa bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún olórin. Mo gbọ́ ọ, mo sì tún fi èyí tó kù sí i.

Ọjọ́ kejì ni Abdulkareem kọjá, ọkùnrin Sábó tó máa ń ti ọmọlanke kiri, tó ń fi rọ́bà tuntun pààrọ̀ páànù kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Mo dá a dúró. Mo já fèrè kúrò lára ìṣó, mo já páànù, mo já kẹ́tùrù. Ó fún mi ní báàfù aláwọ̀ ewé kan, ó ní kí n máa fi wẹ ọmọ. Ẹ tún gbọ́ o, mo ní kó fi èènì sí i. Ó fún mi ní kọ́ọ̀bù kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò mọ ohun tí mo kó síta. Àwa méjèèjì la jọ gbọ́ ìtàn yẹn dàgbà. Bí Bàbá àgbà wa ṣe ń se oúnjẹ fún àwọn míṣọ́nnárì, bí màmá Amẹ́ríkà tó jẹ́ dókítà ṣe fi giramafóònù àti àwo orin mọ́kànlá sílẹ̀ fún wọn nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ jáàsì àwọn èèyàn dúdú ayé ijọ́un. Bàbá jẹ́ ọmọ kékeré, orin yẹn wọ̀ ọ́ lára, kò sì sí fèrè gidi nílé. Ló bá mú àrọ tí wọ́n fi ń rọ kẹrosíìnì sígò, ó ki rọ́bà omi bọ ìdí rẹ̀, ó fi igi ọsàn gbẹ́ ẹnu sí i. Nígbà tí giramafóònù kú, tí àwọn àwo fọ́ tán, inú àrọ yẹn ni gbogbo orin náà kó sí.

Ẹ ò sí nílé láwọn ọdún tó kẹ́yìn yìí, nítorí náà ẹ ò rí bí èrò ṣe ń wá. Àwọn ọmọ yunifásítì, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí fóònù wọn lè kọ gbogbo orin ayé, wọ́n á dúró sábẹ́ igi máńgòrò wa, wọn ò ní lọ. Màmá Martha á máa fi ṣíbí méjì ha páànù ìbòlé yẹn, Bàbá á gbé àrọ sókè, ariwo á dákẹ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń dùn mọ́ wọn nínú orin tó ti gbó tó báyìí. Ó ní, "Àmọ̀kẹ́, irú àrọ yìí wà nílé gbogbo wọn. Wọn ò mọ̀ pé ó lè sunkún ni."

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin ẹ kì í rántí ohun tí wọ́n fi ojú mi rí ní sẹ́kọ́ńdìrì. "Ọmọ Alárọ! Kẹrosíìnì ti dé o, wá bá wa rọ ọ́!" Ojoojúmọ́, láti ìwé kìíní títí mo fi jáde. Bí mo bá ní kí n sọ òótọ́ inú mi, ó jọ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọjọ́ tí àwọn nǹkan yẹn á kúrò lára ògiri. Àìsàn Bàbá fún mi láyè, ọmọ sì fún mi ní àwáwí.

Ọlọ́run tí dókítà ní ká fi sọ́wọ́ Rẹ̀ kò sùn. Láàárín oṣù kẹwàá, ẹnu Bàbá ti tọ́, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Hussein fi èjìká gbé e wọlé, gbogbo àdúgbò ń kí wa kú oríire. Bàbá ní òun ò ní jókòó ní pálọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ mú òun dé yàrá. Ó dúró níwájú ògiri. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tó kù fún un kan ìṣó kìíní, ó kan ìkejì, ó kan ìkẹta. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣe ogójì mi ni?"

Hussein rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Nílé tiwa, bí òkú kò bá tíì pé ogójì ọjọ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Èmi palẹ̀ ẹrù alààyè mọ́.

Màmá Martha wá kí i lọ́jọ́ kejì, ṣíbí méjèèjì wà ní báàgì rẹ̀. Ó béèrè páànù rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó wo báàfù, ó wo èmi. Ó ní, "O kú ọgbọ́n o. Àwọn ẹlòmíràn máa ń dúró kí òkú tutù ná." Ló bá na àwọn ṣíbí náà sí mi. "Gbà, lọ fi kún un. Bóyá wọ́n á fún ọ ní póò ọmọ." Mi ò lè gbà á, ó sì jù wọ́n sórí fèrèsé, ó lọ. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo pọn Ràódàt, mo wá Abdulkareem lọ sí Sábó. Kò bínú, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń yọ́ páànù, níbi tí ìkòkò tuntun tò sí lórí iyanrìn, tí wọn ò tíì tutù. Mo bi í pé èwo ni tiwa nínú wọn. Ó ní, "Ìyá Ràódàt, ẹ ṣe sùúrù. Páànù tó bá ti yọ́, kò lórúkọ mọ́."

Bàbá ò bú mi o. Ì bá bú mi. Ó ń jẹ oúnjẹ tí mo bá sè, ó ń gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìṣó yẹn, kò pè mí ní Àmọ̀kẹ́ mọ́. "Ẹ ṣé, Ìyá Ràódàt." "Ẹ bá mi bomi wá, Ìyá Ràódàt." Bàbá tó bí mi ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ayálégbé ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ nínú yàrá, tó ń fi ètè lásán fọn orin, èémí nìkan ló ń jáde.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ní kó wá fọn fèrè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì tíì dá wọn lóhùn. Mo ti ra àrọ tuntun, mo ti ra rọ́bà omi. Mo kó wọn síwájú rẹ̀. Ó ní àrọ kò ṣòro, ẹnu fèrè ni iṣẹ́, ọwọ́ kan kì í sì í gbẹ́ igi. Bọ̀ọ̀dá, ẹnu fèrè àkọ́kọ́ tí Bàbá gbé lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ sí Kàdúná, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín? Bí ẹ bá ti sọ ọ́ nù, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ẹni tó ṣe tèmi kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Dírẹ́bà tó ń kó iṣu lọ sí Kàdúná ló mú lẹ́tà yìí bọ̀. Abdulkareem ló bá mi wá a, dírẹ́bà náà sì ń padà wá síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lè fi ẹnu fèrè náà rán an.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ níbi tí ẹ wà. Kí àwọn ọmọ yín má fi ìkánjú sin yín. Kí ohun tí ẹ fẹ́ràn pẹ́ lọ́wọ́ yín, kó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọyì rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
Olúwafèyíkẹ́mi,
tí ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ẹ ń pè ní Àmọ̀kẹ́.

Mo tún rántí èyí: láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo wẹ Ràódàt tán, mo da báàfù dé sínú oòrùn. Bàbá jókòó sí tòsí. Ó fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́ etí sí i bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ di orin. Èmi náà dúró, mo tẹ́tí. Ó ní, "Rọ́bà kì í dáhùn, Ìyá Ràódàt. Ẹ máa fi wẹ ọmọ yín." Ó sì yí ojú sí ibòmíràn. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.